Ìwọ̀n Táyéwò

Oṣù kẹwàá ọdún 1987 ni àwọn ìbejì Hajarat jọ dé orí òṣùwọ̀n kẹ́yìn. Táyéwò jẹ́ kílò méje géérégé. Kẹ́hìndé jẹ́ kílò mẹ́fà àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mo kọ 7.0, mo kọ 6.6, mo rò wọ́n pọ̀, ó di 13.6. Mo fi méjì pín in, mo sì kọ 6.8 sí ojú ìlà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Oṣù méje ni wọ́n pé nígbà náà. Táyéwò di bírò mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀, ìyá rẹ̀ ni ó tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo ń kọ ìwé ní ilé ìwọ̀n ọmọ kan lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ìyá a gbé ọmọ wọn wá. A ó wọ ṣòkòtò kékeré kan tí ó ní okùn fún ọmọ, a ó fi okùn náà kọ́ òṣùwọ̀n tí ó so mọ́ igi àjà, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n a sì yí títí tí yóò fi dúró. Nọ́ọ̀sì Kúbúrátù ni ọ̀gá wa. Òun ni ó ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní yàrá kejì, èmi ni mo ń wọ̀n wọ́n tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo ṣe akọ̀wé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún.

Àwọn ìyá ọmọ a máa pè mí ní Bàbá Áfáréèjì, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè bi mí tí n kò ní fi áfáréèjì dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ lójú mi pé bí mo bá dé ọ̀run, n ó ní kí wọ́n ro ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ará Ọ̀yọ́ pọ̀ ná kí wọ́n tó pín tèmi fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. A ó ro gbogbo iye pọ̀, a ó fi iye orí pín in, a ó sì mọ ohun tí ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí gbogbo wọn bá dọ́gba. Ọmọ mẹ́ta tí ó jẹ́ kílò mẹ́fà, méje àti mẹ́jọ, áfáréèjì wọn jẹ́ méje. Ọmọ mẹ́ta tí ó jẹ́ mẹ́rin, méje àti mẹ́wàá, méje náà ni. Ẹni tí ó bá rí méje nìkan kò lè mọ̀ pé ọmọ oní-kílò mẹ́rin wà láàárín àwọn mẹ́ta kejì. Olùkọ́ wa fi èyí hàn wá lójú pátákó nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ náà kò ṣe mí láǹfààní kankan ní ọdún tí mò ń sọ yìí.

Òfin mẹ́ta ni a ń lò. Èkíní, ìlà kan ni ti ìbejì. Ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, ìyá ìbejì kan dá agolo mílíìkì padà sórí tábìlì wa nítorí pé ẹyọ kan ni a fún un, fún èyí tí ó rù nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan tí a kò ṣe fún èkejì, ìjà ni a dá sílẹ̀ nínú ilé òun. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi áfáréèjì àwọn méjèèjì dá ọ̀rọ̀ wọn. Òfin kejì jẹ́ ti arìnrìnàjò. Bí ọmọ kò bá wá torí pé ó wà ní oko tàbí ní ìlú mìíràn, a kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. A ó wo iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wá fi pọ̀ sí i, a ó mú áfáréèjì rẹ̀, a ó sì fi kún iye tí òun jẹ́ ní oṣù tí ó kọjá. A gbà pé bí àwọn yòókù ti ń dàgbà ni òun náà ń dàgbà níbikíbi tí ó wà. Òfin kẹta ni pé ìlà tí iye orí rẹ̀ kò bá lọ sókè fún oṣù méjì léra wọn, ọmọ orí ìlà náà yóò gba mílíìkì, dókítà tí ó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyàwó mi, Dorcas, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ìjọ wa ní kí n kọ ìkéde ikú rẹ̀ fúnra mi nítorí pé èmi ni ìkọ̀wé mi mọ́ jù nínú wọn. Mo jókòó ti ìwé náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, n kò lè kọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Láàárọ̀, garawa omi méjì ni mo ṣì ń fà nínú kànga, tèmi àti tirẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó da èyí tí kò sí ẹni tí ó lò ó sí ìdí ìbẹ́pẹ.

Ní oṣù kọkànlá, Hajarat gbé Kẹ́hìndé nìkan wá. Kànìnkànìn ni ó ń tà ní Akẹ̀sán, ọkọ rẹ̀ wà lókè ọya níbi tí ó ti ń ránṣọ. Ó mú fìlà ọmọdé méjì lọ́wọ́, ọ̀kan wà lórí ọmọ, èkejì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo bi í pé Táyéwò ńkọ́.

“Ó re àjò, sà. Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ìyá mi ní Sábó.”

Kò wojú mi nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Mo mọ ohun tí ìyá ìbejì ń sọ bí ó bá sọ pé ọ̀kan re àjò. Wọn kì í pe ikú níbi tí èyí tí ó kù ti lè gbọ́, kí ó má baà sọ pé òun náà ń lọ. Ìbejì ni bàbá mi pàápàá, gbogbo ìgbà èwe mi ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé èkejì rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó bi wọ́n ìgbà tí yóò padà dé.

Àyè mẹ́ta ni ó wà níwájú orúkọ ọmọ nínú ìwé: ó wá, ó rìnrìn àjò, ó kú. Mo wo ẹ̀kẹta. Mo wo fìlà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì fàmì sí ẹ̀kejì. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí ìyá bá sọ ni akọ̀wé ń kọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i lóṣù yẹn. Mo kọ 7.3 fún Táyéwò. Kẹ́hìndé ti bọ́ sí 6.5. Áfáréèjì wọn jẹ́ 6.9. Ìlà náà lọ sókè.

Nígbà tí mo bọ́ ṣòkòtò òṣùwọ̀n lára Kẹ́hìndé, Hajarat kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó tọ́ka sí ṣòkòtò náà, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé kí n jọ̀ọ́ kí n kọ́ ti Táyéwò náà. Mo gbọ́ ohun tí ó wí. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Mo gbé ṣòkòtò òfìfo náà kọ́, a sì dúró. Mo ti dá abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà padà sí òdo pẹ̀lú ṣòkòtò náà lórí rẹ̀ láàárọ̀, ó dá mi lójú dáadáa. Abẹ́rẹ́ náà kúrò lórí òdo, ó lọ díẹ̀, ó sì padà. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Hajarat ní ẹ ṣé, sà, ó pọn Kẹ́hìndé, ó lọ.

Ní oṣù kejìlá mo kọ 7.6 fún Táyéwò. Kẹ́hìndé jẹ́ 6.4. Áfáréèjì, 7.0. Ní oṣù kìíní, 8.0 àti 6.2. Áfáréèjì, 7.1. Lọ́jọ́ yẹn ni Hajarat béèrè mílíìkì. Ó ní ọyàn òun kò wá dáadáa mọ́, ọmọ náà kì í sì í gba ẹ̀kọ. Mo yí ìwé sí i kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìlà náà. Mo ní ìlà tí ó ń lọ sókè kò lè gba mílíìkì, ọmọ tí ìlà tiwọn ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ níta. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ibi tí mo fi ìka tọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, “Ta ni ó ń lọ sókè nínú wọn, sà?”

Mo ní, “Àwọn méjèèjì, bí a bá pín in.”

Ní oṣù kejì, 8.4 àti 6.0. Áfáréèjì, 7.2. Nọ́ọ̀sì Kúbúrátù ń yẹ ìwé wò kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìlera, ó sì yìn mí fún ìlà yẹn. Ó ní, “Bàbá, ìbejì yìí mà ń ṣe dáadáa o. Ó dà bí ẹni pé rúlà ni ẹ fi fà á.” Lóòótọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lóṣooṣù, kò yẹ̀. N kò tíì rí ọmọ ènìyàn tí ìdàgbàsókè rẹ̀ tọ́ báyìí rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i. N kò sọ pé mo rí iwin. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí mo bá ń kọjá ní Akẹ̀sán tí mo rí ọmọ tí ó di àpótí mú tí ó ń gbìyànjú láti dìde, n ó sọ lọ́kàn ara mi pé bí Táyéwò ti tó nìyẹn. Bí ọmọ bá wúwo lọ́wọ́ mi lórí òṣùwọ̀n, apá mi yóò mọ̀ bóyá ó tó Táyéwò tàbí kò tó o. Èmi ni mo ń bọ́ ọ. Lóṣooṣù ni mo ń bù fún un nínú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń sanra. Èkejì rẹ̀ tí ó wà láyé ń sunkún bí ẹni pé láti ìsàlẹ̀ kànga ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀.

Ní ìparí oṣù kejì, ọ́fíìsì kọ lẹ́tà sí wa pé ọmọ tí ó bá ti rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́rin, kí a lọ fi ojú rí i, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò. Nọ́ọ̀sì ní kí a kàn yọ wọ́n, ìyẹn ni ó yá jù. Mo ní n ó lọ. Ó bi mí pé ṣé torí ọmọ kan ni n ó ṣe wọ ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ fún un pé ìrètí òmùgọ̀ kan wà nínú mi. Mo fẹ́ kí ọmọ náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ bá a lórí ẹní, kí n gbé e kọ́, kí ó sì jẹ́ 8.4.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ. Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré tí a ń gbé lọ sí abúlé sórí itan mi nínú bọ́ọ̀sì, ṣòkòtò rẹ̀ wà nínú àpò. Ó ń wúwo sí i bí a ti ń lọ. Obìnrin tí ó jókòó tì mí bi mí bóyá kí òun bá mi gbé e.

Ìyá Hajarat ń jẹ́ Ràmọ́tà. Àlùbọ́sà ni ó ń tà ní Sábó, láàárín àwọn oníṣòwò tí ó ti òkè ọya wá. Mo kí i, mo sọ ibi tí mo ti wá, mo ní mo wá wo Táyéwò. Ó ń ṣa àlùbọ́sà tí ó ti jẹrà sọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo òṣùwọ̀n tí ó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì wo ewú orí mi.

“Bàbá, ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín?”

Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí.

“Ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n sọ fún yín pé èjìrẹ́ re àjò, ẹ wá gbé òṣùwọ̀n tẹ̀lé e.”

Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó sì ní kí n máa bọ̀ kí n wá wọ̀n ọ́n. Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró níbi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ó ní ibà ọjọ́ mẹ́ta ni, nígbà tí Hajarat wá kí òun ní ìparí oṣù kẹwàá. Ó ní irọ́ kọ́ ni ọmọ òun pa fún mi. Ó ní Táyéwò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, kò kàn padà ni.

Mo bọ́ fìlà mi. Òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí n ó gbé e sí.

Ó bi mí nípa èyí tí ó kù, bóyá ó ń jẹun. Ẹnu mi ti ya láti sọ pé ìlà náà ń lọ sókè. Mo pa á dé. Mo sọ òótọ́ fún un, pé ojú ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì wà, pé ìwé ni ó ń lọ sókè, pé ọmọ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àti pé iye tí mo ń kọ fún èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀ tí dókítà kò fi rí i. Mo ní n ó tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. N ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Táyéwò, Kẹ́hìndé yóò sì dá dúró.

Ó di apá mi mú. Obìnrin tí n kò mọ̀ rí.

“Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ìlà kan náà ni wọ́n wà, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀, ìtòsí ẹni tí ó kù ni ẹ kọ ọ́ sí.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé yíǹkì kò lè pa ọmọ. Mo rántí ìkéde Dorcas.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, dókítà dé ní agogo mẹ́wàá, yóò sì padà lọ ní agogo méjìlá. Hajarat tò sí àárín àwọn ìyá. Nígbà tí ó kàn án, mo gbé Kẹ́hìndé kọ́. Ó jẹ́ 5.8. Kò sunkún. Orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bí àgbàlagbà.

Mo ṣí ìwé. Hajarat kò wo ọmọ, bírò mi ni ó ń wò. Ó ti gbọ́ pé mo dé Sábó. Bí mo bá fàmì sí àyè kẹta, ọmọ náà bọ́ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ lè gbé e sá lọ kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, mo rí i ní ojú rẹ̀. Bí mo bá tún fàmì sí àyè kejì, 8.7 ni n ó kọ fún Táyéwò, áfáréèjì yóò sì tún lọ sókè díẹ̀. Bírò náà wà lókè fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń kùn pé Bàbá Áfáréèjì ti sùn.

Mo fagi lé 7.3. Mo fagi lé 7.6, lé 8.0, lé 8.4. N kò fàmì sí àyè kankan nínú àwọn àyè mẹ́ta náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, èyí tí n kò ṣe rí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà mo pa àwọn áfáréèjì rẹ́, mo sì tún ìṣirò wọn ṣe láti oṣù kọkànlá. 6.5, mo fi ọ̀kan pín in, 6.5. 6.4, mo fi ọ̀kan pín in, 6.4. 6.2. 6.0. 5.8. Ìlà náà wó lulẹ̀ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Kúbúrátù tẹ̀ síwájú wo ohun tí mo ń ṣe. Ó ní, “Bàbá, ẹni méjì ni ó wà lórí ìlà yìí.”

Mo ní, “Ẹnì kan ni mo wọ̀n.”

Ó wo Hajarat. Hajarat wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà mú káàdì Kẹ́hìndé, ó gbé e kọjá gbogbo àwọn tí ó wà níwájú, ó sì fi sórí tábìlì dókítà.

Dókítà béèrè ìdí tí ọmọ tí ó rí báyìí fi wà nílé fún oṣù mẹ́rin. Mo sọ fún un pé ẹ̀bi ẹni tí ó ń kọ ìwé ni. Ó wò mí, ó sì ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá òun padà sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni Hajarat ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò lè gbé Kẹ́hìndé lọ sí ìlú yẹn, pé wọn yóò pàdé. Dókítà bi í pé ta ni yóò pàdé ta ni. Mo ní n ó bá wọn lọ, n ó gbé ọmọ náà fúnra mi, n kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà Sábó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Mo gbé e lé itan níbi tí mo ti gbé òṣùwọ̀n lé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó fúyẹ́ jù ú lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ó lò ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo padà dé ilé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, garawa méjì ṣì wà lẹ́nu kànga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, garawa kan ni mo fà.

Mo tọpasẹ̀ àwọn ọmọ mẹ́sàn-án mìíràn tí mo ti kọ ìrìnàjò sí níwájú orúkọ wọn ní ọdún náà. Mo rí méje.

Ní oṣù karùn-ún, Kẹ́hìndé jẹ́ 7.1. Ó di bírò mi mú. Hajarat bọ́ ṣòkòtò òṣùwọ̀n lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ṣòkòtò náà fún ẹni tí ó kàn. Ó dì í mú, ó ń wò mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ lófìfo. Kò sí ọyẹ́ mọ́, fèrèsé wà ní títì. Èmi àti òun dúró, a ń wo abẹ́rẹ́ náà títí tí ó fi dúró.

Mo rí ibi tí ó dúró sí. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.